Ẹ Má Gé Àwọn Apẹja Kúrò Nínú Fọ́tò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Fọ́tò tí ẹ tẹ̀ sójú ìwé àárín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ kọ “Ìlú Ọba láyé àtijọ́” sí lábẹ́, ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Whitby ni, ìlú èbúté ní Yorkshire, níbi tí odò Esk ti ń wọ òkun. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Àmọ́ ẹ ò dárúkọ ìlú, ẹ ò dárúkọ ẹni tó yà á, ẹ sì ti gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù. Àwókù ilé ìjọsìn orí òkè àti òpó ọkọ̀ mélòó kan ló kù. Ìsàlẹ̀ tí ẹ gé yẹn gan-an ni àwọn èèyàn wà.

Frank Meadow Sutcliffe ló yà á. Leeds níbí ni wọ́n bí i sí ní 1853, Whitby ló sì fi ṣe ilé títí ó fi kú ní 1941. Yíyà fọ́tò àwọn tó wá gbafẹ́ létí òkun ló fi ń jẹun, iṣẹ́ yẹn kì í sì í jẹ́ kó rìn jìnnà. Ló bá dojú kọ èbúté tó wà nítòsí rẹ̀: àwọn apẹja, àwọn obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé ẹ̀bá ọkọ̀.

Ẹ wo bí fọ́tò yíyà ṣe le tó nígbà tí Sutcliffe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orí gíláàsì ni wọ́n ń da oògùn sí, wọ́n á yà á, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ. Kódà nígbà tí gíláàsì gbígbẹ dé, àpótí igi ńlá ni kámẹ́rà rẹ̀ ṣì jẹ́, ojú ẹni tó bá mira á sì di bàìbàì. Kò jí àwọn èèyàn yẹn yà rárá. Wọ́n gbà fún un ni, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ dè é.

Iṣẹ́ wọn ò sì rọrùn. Bí omi bá ti fà, àwọn obìnrin á lọ máa ṣí ìgbín kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ àpáta, kí wọ́n lè fi ẹran rẹ̀ bọ ìwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lára okùn gígùn tí àwọn ọkọ wọn máa gbé lọ sójú òkun. Ilé ìjọsìn tí Ọba Henry Kẹjọ tì pa ní 1539, àwókù rẹ̀ ṣì wà lórí òkè, ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó lónìí. Níbo la ti fẹ́ rí ojú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn mọ́, bí kò bá ṣe nínú irú fọ́tò yìí?

Mo bẹ̀ yín, ẹ tún un tẹ̀ lódindi, kí ẹ kọ Whitby àti orúkọ Sutcliffe sí abẹ́ rẹ̀. Ní ti ọdún tí ó yà á, ẹ lè kọ̀wé sí Whitby Museum, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe alábòójútó lọ́jọ́ ogbó rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Leeds