Impanation kì í ṣe ẹ̀kọ́ Luther

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú mi sì dùn pé ẹ fi àyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé yín ní impanation ni ẹ̀kọ́ Martin Luther, alátùn-únṣe ìjọ ará Jámánì nì, àti pé kò túmọ̀ sí ju pé Kristi wà nínú búrẹ́dì lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Látìn ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Panis ni búrẹ́dì, caro sì ni ẹran ara, inú èyí tí incarnation, ìyẹn ni pé Ọlọ́run di ènìyàn, ti wá. Àwọn tí ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ impanation mọ̀ọ́mọ̀ fi jọ incarnation tí ó ti wà ṣáájú ni. Ìhìn Rere Jòhánù ní Ọ̀rọ̀ náà di ara. Ẹni tí ó gba impanation gbọ́ ní tirẹ̀ ń sọ pé Kristi gba búrẹ́dì mọ́ra lórí pẹpẹ gẹ́gẹ́ bí Ó ti gba ara ènìyàn, tí búrẹ́dì náà sì wà bí ó ti wà. Èyí kọjá kí nǹkan kan wà nínú òmíràn bí omi ti ń wà nínú ìkòkò. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, nígbà tí àlùfáà bá bu búrẹ́dì sí méjì, a lè tọ́ka sí ẹ̀là tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a ní, "Búrẹ́dì yìí ni Ọlọ́run," bí a ti ń wí nípa Jésù pé, "Ọkùnrin yìí ni Ọlọ́run." Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni.

Guitmund, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Aversa ní Ítálì, ti kọ̀wé tako èrò yìí ní ọ̀rúndún kọkànlá. John ti Paris, tí í ṣe ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì tí à ń pè ní Dominican, gbèjà ohun tí ó sún mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣeé ṣe. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọ́ni mọ́, ó gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ póòpù, ó sì kú ní 1306 kí ìdájọ́ tó jáde. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí títí di òní.

Ní ti àwọn ọmọlẹ́yìn Luther, ara Kristi wà nínú búrẹ́dì, pẹ̀lú rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ pé Ó sọ búrẹ́dì di ti ara Rẹ̀ bí Ó ti ṣe sí ẹran ara. Àwọn olùkọ́ wọn fúnra wọn kò gba orúkọ impanation náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀ nínú ìtẹ̀jáde yín tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín