Kí O Tó Kó Ogun Rẹ Jáde

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà lọ́hùn-ún? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orí mẹ́rin tí o fi ránṣẹ́ nínú ìtàn ilẹ̀ ọba rẹ tó jọ Rómù ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà wọ́n tán. Ààfin rẹ dára, àwọn ìjòyè rẹ sì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn gidi. Ogun rẹ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tólẹ̀. O ní ọmọ ogun 60,000 fi oṣù kan la aṣálẹ̀ kọjá, o kọ ọ́ sínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, o ò sì sọ ohun tí wọ́n jẹ. Ọ̀dọ̀ ọ̀gágun ni o ti bẹ̀rẹ̀ sí to ogun rẹ wálẹ̀. Abẹ́ àgọ́ ni àwọn ará Rómù ti bẹ̀rẹ̀ sí to tiwọn lọ sókè, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni mẹ́jọ ló ni àgọ́ awọ kan. Àwọn mẹ́jọ yìí ló jọ ń dáná, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ni ìbaaka kan àti ọlọ kan. Kò sí alásè tó ń se oúnjẹ fún gbogbo ogun. Àlìkámà lásán ni wọ́n ń wọ̀n fún wọn, àwọn fúnra wọn ni yóò lọ̀ ọ́, tí wọ́n á pò ó, tí wọ́n á sì yan án ní búrẹ́dì. Ẹnì kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 850 lójúmọ́, yàtọ̀ sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, wàràkàṣì, òróró ólífì àti wáìnì kíkan tí wọ́n bu omi là.

Wá ṣírò rẹ̀ wò. Ìbaaka kan lè ru nǹkan bíi kílò 120. Àgọ́, èèkàn, ọlọ àti irinṣẹ́ ti gba púpọ̀ nínú ẹrù yẹn, oúnjẹ tí yóò rí àyè níbẹ̀ kò lè pọ̀. Josephus, Júù tó kọ́kọ́ bá Rómù jà, tó sì padà ń gbé láàárín wọn, sọ pé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ń gbé sí èjìká, pẹ̀lú ayùn, agbọ̀n, dígà, àáké àti dòjé. Ènìyàn 60,000 tìrẹ yóò jẹ àlìkámà tọ́ọ̀nù 51 lójúmọ́. Ìbaaka 425 ni yóò ru ti ọjọ́ kan péré. Ti ọgbọ̀n ọjọ́ yóò gba ìbaaka tó lé ní 12,000. A ò tíì ka ohun tí ìbaaka fúnra rẹ̀ yóò jẹ, a ò sì tíì dárúkọ omi. Ìdí nìyí tí ogun Rómù fi máa ń tẹ̀ lé odò: Rhine, Danube, Euphrates. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ọkà bọ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí Septimius Severus, olú ọba Rómù, ń gbógun lọ sí Scotland ní nǹkan bí ọdún 208, wọ́n sọ ibùdó kan lẹ́nu odò Tyne, níbi tí a mọ̀ sí South Shields lónìí, di kìkì ilé ìkó-ọkà, ó lé ní 20. Tí aṣálẹ̀ rẹ kò bá ní odò, dín ènìyàn náà kù sí 6,000, kí o sì jẹ́ kí ẹnì kan ti lọ gbẹ́ kànga sójú ọ̀nà ní ọdún tó ṣáájú. Orí ìwé kan wà nínú kànga yẹn nìkan.

Láti inú àgọ́, ìtò rẹ̀ kò le. Ẹni mẹ́jọ lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ ọgọ́rin, síbẹ̀ balógun ọ̀rún ni wọ́n ń pe olórí wọn. Ó ní igbákejì tó ń dúró lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, kí ẹni tó bá fẹ́ sá lè rí i pé ọ̀nà ti dí. Ó ní agbásíá, tó tún ń tọ́jú owó tí àwọn ọmọ ogun fi pamọ́. Ó ní ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ alẹ́, àti afunfèrè. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́fà jẹ́ 480. Mẹ́wàá nínú ti 480 yìí ni légíónì kan, àyàfi pé láti apá ìparí ọ̀rúndún kìíní, ìkíní nínú wọn máa ń tó 800. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 5,100, pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin 120 tó ń jíṣẹ́, tó sì ń ṣe amí. Olórí légíónì jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wá lo ọdún díẹ̀ kó tó padà sílé. Ẹni tí o ṣaláìní nínú ìtàn rẹ, tí mo sì fẹ́ kí o fi kún un, ni ọ̀gá ibùdó: àgbàlagbà tó ti jẹ́ balógun ọ̀rún rí, tó mọ iye ọlọ tó ti fọ́ àti iye awọ àgọ́ tó ti ya. Òun ló ń gbé ogun náà dúró nígbà tí ọmọ ọlọ́lá yẹn bá ń kọ lẹ́tà sílé.

Fi àwọn àjèjì olùrànlọ́wọ́ kún un, iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti légíónì. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹlẹ́ṣin tó pọ̀ àti tafàtafà ti ń wá. Ọdún 25 ni wọ́n ń sìn, ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú Rómù ni wọ́n sì ń gbà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n lè gba ẹ̀dà rẹ̀ sórí àwo idẹ.

Ṣùgbọ́n iye tó wà lórí ìwé kọ́ ni iye tó wà lójú ogun. Ní Vindolanda, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wú pátákó pẹlẹbẹ kan jáde tí wọ́n fi yíǹkì kọ iye ọmọ ogun Tungria sí ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, ní nǹkan bí ọdún 92 sí 97. Gbogbo wọn jẹ́ 752. Nínú wọn, 456 kò sí nílé: 337 wà ní Coria, ibùdó mìíràn, 46 ń ṣọ́ gómìnà, àwọn yòókù fọ́n káàkiri. Ó ku 296. Nínú àwọn yìí, 15 ń ṣàìsàn, 6 fara gbọgbẹ́, ojú ń dun 10. Àwọn tó lè jà kò ju 265 lọ, balógun ọ̀rún kan ṣoṣo ló sì wà pẹ̀lú wọn nínú mẹ́fà. Mo nífẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ yìí ju gbogbo ìtàn ìṣẹ́gun lọ. Nígbà tí ọba rẹ bá ní "ẹ rán ẹgbẹ́ kan lọ," kí akọ̀wé rẹ ka irú ìwé báyìí sí i létí.

Nípa ohun ìjà, bọ́ ẹ̀wù wúrà yẹn kúrò lọ́rùn wọn. Asà ni kí o tẹjú mọ́. Èyí tí wọ́n rí ní Dura-Europos ní Síríà jẹ́ pátákó tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele mẹ́ta, tí ti àárín dábùú àwọn méjì yòókù, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó lè yí ara ká, tí wọ́n sì fi awọ bò. Ó fúyẹ́, kò sì rọrùn láti là, ṣùgbọ́n òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Ìdí nìyí tí asà fi máa ń wà nínú àpò awọ nígbà ìrìn àjò. Ọ̀kọ̀ jíjù wọn gùn tó mítà méjì, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà níwájú rẹ̀ tí orí rẹ̀ kéré. Orí kékeré yẹn á dá ihò sára asà ọ̀tá, ọ̀pá irin á wọlé tẹ̀ lé e. Tí kò bá kan ara ẹni tó di asà mú, yóò há síbẹ̀, asà á wúwo, olúwa rẹ̀ á sì jù ú nù. Lẹ́yìn náà ni idà, tí irin rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì mítà lọ. Gígún ni wọ́n ń fi í gún, láti ẹ̀yìn asà, nítorí pé ẹni tó bá gbé apá sókè láti ṣá ènìyàn ti ṣí ìhà rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á ri òpó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà mọ́lẹ̀, ọmọ ogun tuntun á fi idà igi àti asà tó wúwo ní ìlọ́po méjì máa bá òpó yẹn jà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Má gbàgbé bàtà. Ìṣó irin wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó dára lórí ilẹ̀ àti koríko. Ní Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, balógun ọ̀rún kan tó ń jẹ́ Julianus, ará Bítíníà, dá nìkan lé àwọn ọ̀tá sẹ́yìn nínú àgbàlá tẹ́ńpìlì. Ibi tó ti ń sáré lórí òkúta dídán, ìṣó bàtà rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú gbọ̀ọ̀rọ̀, ìró ẹ̀wù irin rẹ̀ mú kí àwọn tó ń sá yíjú padà. Wọ́n yí i ká, wọ́n sì pa á. Ààfin rẹ kún fún òkúta dídán, Àkànní. Lò ó.

Ibùdó wá ńkọ́? Nínú orí mẹ́rin, kò sí ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀. Ní ilẹ̀ ọ̀tá, ogun Rómù kì í sùn sí gbangba. Àwọn awọnlẹ̀ á ti lọ ṣáájú, wọ́n á fi àsíá sàmì ibi tí àgọ́ ọ̀gágun yóò wà, gbogbo ìlà yòókù á sì ti ibẹ̀ jáde. Yàrà tó kéré jù fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ó jìn ní mẹ́ta; tí ọ̀tá bá wà nítòsí, ó lè fẹ̀ tó mẹ́sàn-án, kó jìn tó méje. Erùpẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ inú di odi, wọ́n á sì ri igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó sórí rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà jẹ́ mẹ́rin. Láàárín odi àti àgọ́, ẹsẹ̀ bàtà 60 ṣófo, kí ohun tí ọ̀tá bá jù wọlé má bàa dé àgọ́, kí ogun sì ráyè tò. Fún ọgọ́rin ènìyàn, àgọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ń pa dípò mẹ́wàá, nítorí pé mẹ́rìndínlógún á máa wà lẹ́nu ìṣọ́ nígbà gbogbo. Ibi tí àgọ́ rẹ wà lánàá náà ni yóò wà lónìí, tí wọ́n bá jí ọ lójú òru, ẹsẹ̀ rẹ ti mọ ọ̀nà. Yàrà àti odi tí àwọn baba wa mọ yí ìlú ká, ti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ti Rómù yìí lè jẹ́ ti alẹ́ kan, kí wọ́n sì dáná sun ún láàárọ̀ kí ọ̀tá má bàa jàǹfààní rẹ̀.

Polybius, òǹkọ̀wé ìtàn ará Gíríìsì, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Tí oòrùn bá ń wọ̀, ẹnì kan láti ẹgbẹ́ tó wà lópin ìlà á lọ gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá, tí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó kékeré. Á fà á lé olórí ẹgbẹ́ tó kàn lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí, ìyẹn náà á fà á fún èyí tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi padà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí pátákó kan kò bá padà, àmì tó wà lára àwọn yòókù ló ń fi ibi tó ti dúró hàn. Ẹni tí wọ́n bá bá lójú oorun lẹ́nu ìṣọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fi kùmọ̀ àti òkúta lù ú, ó sì ṣọ̀wọ́n kó yè é.

O fẹ́ kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan kó ọmọ ogun tirẹ̀ wá, bí àwọn olóyè Ìbàdàn ti ṣe. Nígbà náà, jẹ́ kí o mọ ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: ẹni tó bọ́ wọn ni wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Rómù jẹ ìyà yẹn nínú ogun abẹ́lé kí Augustus, olú ọba àkọ́kọ́, tó wá nǹkan ṣe sí i. Dẹ́nárì 225, owó fàdákà Rómù, ni ọmọ ogun légíónì ń gbà lọ́dún nígbà náà, tí wọ́n pín sí ìgbà mẹ́ta, wọ́n á sì yọ owó oúnjẹ àti aṣọ kúrò nínú rẹ̀. Ní ọdún 6 lẹ́yìn ìbí Kristi, Augustus dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ̀yìn tì, dẹ́nárì 3,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti inú owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ogún tí òkú fi sílẹ̀, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, àti ti ọjà gbàǹjo. Síbẹ̀, nígbà tó kú ní ọdún 14, àwọn ọmọ ogun ní Pannonia, ìgbèríko kan lẹ́bàá odò Danube, dìtẹ̀, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn tì bó ṣe yẹ, wọ́n sì ní láti fún balógun ọ̀rún ní owó ẹ̀yìn kí wọ́n tó rí ìsinmi. Wọ́n pa ọ̀kan nínú àwọn balógun ọ̀rún yìí, Lucilius, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ "Ẹ Mú Òmíràn Wá," nítorí pé tí ọ̀pá bá ti ṣẹ́ sí ẹ̀yìn ọmọ ogun, yóò ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Irú ènìyàn yìí ni ìtàn rẹ ń wá.

Tí o bá wá fẹ́ kí ogun náà túká, má ṣe fi iye bo iye. Gba ibi tí ètò wọn kò dé. Ní Carrhae, ní ọdún 53 ṣáájú ìbí Kristi, Crassus, ọ̀gágun Rómù, kó légíónì méje lọ bá ẹlẹ́ṣin Pátíà, ilẹ̀ ọba tó wà ní ìlà oòrùn Rómù. Ó rò pé ọfà wọn yóò tán, àṣé ràkúnmí tó ru ọfà wà lẹ́yìn wọn. Asà tí wọ́n to pọ̀ kò gbà wọ́n, nítorí pé ọ̀tá kò sún mọ́ tòsí rárá. Ní ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Kristi, Varus, ọ̀gágun Rómù mìíràn, kó légíónì mẹ́ta wọ igbó Jámánì, ìlà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹrù àti obìnrin àti ọmọ dà pọ̀ mọ́ wọn. Kò sí àyè láti tò, kò sì sí ẹni tó padà jẹ́ orúkọ légíónì mẹ́ta yẹn mọ́. Ní Kalkriese, níbi tí wọ́n gbà pé ogun yẹn ti wáyé, wọ́n rí egungun ìbaaka kan tí agogo ọrùn rẹ̀ kún fún koríko tí wọ́n kì sínú rẹ̀ kó má bàa dún.

Nítorí náà, orí kẹta ni kí o kọ́kọ́ tún kọ. Mú àgọ́ kan, dárúkọ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, sọ ẹni tó ń lọ ọkà àti ẹni tó ń da ìbaaka, kí a sì tẹ̀ lé wọn láti kànga dé kànga. Tí o bá ti parí rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ náà, kí o sì fi iye máìlì tó wà láàárín kànga kan sí èkejì hàn. Nǹkan bíi máìlì ogún Rómù ni ẹsẹ̀ wọn lè rìn láàárín wákàtí márùn-ún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọ̀nà bá dára. Lórí yanrìn, kọ ohun tó kéré sí i.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Mo ń retí orí kẹta.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí