Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, tó fẹ́ ṣe apòògùn àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìforítì. Mo ka ọ̀rọ̀ gígùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì kà á fún bàbá rẹ. O ní bí o bá parí íntáàṣípù, iṣẹ́ apòògùn fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún lo fẹ́ gbájú mọ́, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé èèyàn mélòó ló ń ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń pààrọ̀ kíndìnrín l'Ékòó, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas, Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2002. Má sì gbàgbé àwọn tó ń lọ ṣe é ní Íńdíà, tí wọ́n ń gbé àpò oògùn bọ̀ wálé láìmọ ẹni tí yóò máa bá wọn mójú tó o. Oníṣẹ́ abẹ yóò ṣe tirẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, yóò fọwọ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín yẹn bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lára ẹni, oògùn kò gbọdọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ò ní wọ́n ọ.

Tacrolimus, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun, ni mo fẹ́ bá ọ sọ dáadáa. Ìwọ náà mọ̀ pé àyè rẹ̀ há: bó bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kíndìnrín àlejò náà, bó bá pọ̀ jù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ṣúgà á gòkè, oògùn náà fúnra rẹ̀ á sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Ohun tí wọn kì í tẹnu mọ́ tó ni pé ara wa kì í lò ó bíi ti ọ̀pọ̀ òyìnbó. Ẹ́ńsáìmù CYP3A5, èròjà inú ara tó ń fọ́ oògùn, kì í ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ nínú àwa èèyàn dúdú, ó sì ń tètè fọ́ oògùn náà dànù. Ìdí nìyẹn tí ìlànà fi ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́po kan àbọ̀ sí ìlọ́po méjì. Nítorí náà, bí èsì ẹ̀jẹ̀ bàbá kan láti Ìwó bá wálẹ̀, tí nọ́ọ̀sì ń sọ pé kò lo oògùn, irọ́ ló ń pa, wo ìwọ̀n tí ẹ fún un ná kí o tó bá wọn dá a lẹ́bi.

Kí o sì bi í pé aago mélòó ló lò ó kẹ́yìn. Ẹni tó gbéra l'Ákùúrẹ́ ní ìdájí, tó gbé oògùn àárọ̀ mì nínú mọ́tò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà tó máa jáde kò wúlò, torí ìwọ̀n tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó lo òmíràn ni ẹ fẹ́ mọ̀. Pè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó mú oògùn náà dání, kó lò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè bíbi gan-an ni iṣẹ́ yìí. Bí o bá ní, "Ṣé ẹ ń lo oògùn mìíràn?", wọ́n á ní rárá, wọn ò sì purọ́, torí oògùn ilé ìwòsàn ni wọ́n rò pé ò ń bi. Kúnlẹ̀ kí wọn, kí o mú un lọ́kọ̀ọ̀kan: "Màmá, ṣé ẹ mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ́sẹ̀ yìí? Ti ibà ńkọ́? Kí lẹ lò nígbà tí orí ń fọ́ yín, ṣé Alábùkún ni?" Aspirin inú Alábùkún, ibuprofen, diclofenac, kò sí èyí tó bá kíndìnrín yẹn ṣọ̀rẹ́. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ fée á já tacrolimus wálẹ̀ wìì. Fluconazole tí àwọn obìnrin ń dá rà nítorí ojú ara tó ń yún wọn á gbé e gòkè.

Béèrè ààwẹ̀ pẹ̀lú, ti Ràmàdáànì àti ti ìjọ. Oògùn oníwákàtí méjìlá-méjìlá ni, wọn kì í sì í sọ fún dókítà pé àwọn ń gbààwẹ̀. Má bá wọn jà. Kí oṣù tó lé ni kí ìwọ àti dókítà ti bá wọn jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó le jù ni ẹni tó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ti rí ìwòsàn, tó wá da oògùn nù torí ara rẹ̀ yá gágá. Bó bá gbà fún ọ, lọ bá pásítọ̀ rẹ̀. Mo ṣe é rí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n máa ń gbọ́ ju bí a ṣe rò lọ.

Ti owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi owó ara wọn ra oògùn. Ẹni tó yẹ kó lò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ á sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì ra ti ilé-iṣẹ́ mìíràn torí ó dínwó, ẹ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Àti ẹnu rẹ yìí, Àbẹ̀kẹ́. Bí dókítà bá kọ clarithromycin, oògùn apakòkòrò tó ń gbé tacrolimus gòkè, fún ẹni tó ń lo tacrolimus, má pariwo lójú aláìsàn. Fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sọ pé azithromycin lè rọ́pò rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Òun náà ni yóò máa wá ọ kiri lẹ́yìn náà.

Ní ti Amẹ́ríkà, wàá gba FPGEC, ìwé ẹ̀rí apòògùn tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n tó lè gbà ọ́ sí PGY1, ìyẹn ọdún kìíní ìkọ́ṣẹ́ lẹ́yìn oyè, lẹ́yìn náà PGY2, ọdún kejì rẹ̀, tó jẹ́ ti ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara gan-an. Láti 2020 ni wọ́n sì ti ní ìdánwò àkànṣe fún un. Nílé níbí, West African Postgraduate College of Pharmacists wà. Mi ò ní kí o má lọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lo ọdún méjì ní wọ́ọ̀dù kíndìnrín àti níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Apòògùn tí kò rí ohun tí àwọn èèyàn yìí ń sá fún kò lè mọ ohun tó ń ṣọ́.

Bàbá rẹ ní kí o má san owó ìdánwò kankan kí o tó pe òun, dọ́là kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Bá ọ̀gá apòògùn yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé nípa wọ́ọ̀dù náà, kí o fi ohun tó bá wí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ