Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ilé Àlejò Tí Ẹ Fẹ́ Kọ́ Sínú Ilẹ̀ Tí Òfin Dáàbò Bò

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé,

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Àwa ẹgbẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti pọ́ḿbà kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka ìwé yìí sí ti àwọn tí kò fẹ́ ìdàgbàsókè. Ilé kíkọ́ là ń jẹ. Bí iṣẹ́ ilé àlejò yìí, ìyẹn ilé tí àwọn tó wá wo ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò náà á ti máa rí ibi tọ̀ àti ibi forí pamọ́ sí, bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ọwọ́ wa ni owó rẹ̀ máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Síbẹ̀, àwa náà la ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé e kúrò níbi tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ sí.

Àríyànjiyàn ti gbòde. Àwọn kan ní ilé náà á mú owó wọlé, àwọn kan ní ewé kan ò gbọdọ̀ já níbẹ̀. A ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àwọn àlejò ń wá, wọn ò ríbi tọ̀, wọn ò sì ríbi forí pamọ́ sí bí òjò bá dé. Ilé yẹ kó wà fún wọn. Ibi tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ sí nìkan ni wàhálà.

Lára ọmọ ẹgbẹ́ wa ló wà níbi tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò ilẹ̀. Kòtò ò tíì jìn dé orúnkún tí omi fi sun, omi tó mọ́ gaara. Bíríkìlà tó bá rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tó ń bọ̀: ìpìlẹ̀ á nípọn, irin á pọ̀, ẹ̀rọ á sì máa fa omi jáde tọ̀sán tòru kí kọnkéré tó le. Omi tí wọ́n bá ń fà yẹn, omi tó ń bọ́ odò ni. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wá burú jù. Nínú àwòrán tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, ìsàlẹ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí ni sókàwé, kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbà rin wọ ilẹ̀, wà. Sókàwé kì í ṣiṣẹ́ níbi tí omi abẹ́lẹ̀ bá ti sún mọ́ òkè. Ohun tí wọ́n bá dà sí i, inú odò ló ń gbà lọ. Pọ́ḿbà tó mọṣẹ́ ò ní fọwọ́ kàn án. (Ó jọ pé ẹni tó ya àwòrán náà kò tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ rí.)

Ọ̀nà ẹsẹ̀ ló sì wọ ibẹ̀. Típà ò lè gbà á láìjẹ́ pé wọ́n gé igi, wọ́n da ọ̀dà. Bí ọ̀dà bá ti débẹ̀, ta ni yóò dá ẹni tó fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ dúró?

Ní Mullaghmore, ní ilẹ̀ olókùúta tí wọ́n ń pè ní Burren ní Áyálándì, ìjọba dáwọ́ lé irú ilé yìí láìgba àṣẹ ìkọ́lé. Ní 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Nígbà tí ìjọba wá tọrọ àṣẹ, àwọn tó ń fọwọ́ sí ìkọ́lé kọ̀ fún un ní 2000, wọ́n sì palẹ̀ ohun tí wọ́n ti kọ́ mọ́. Owó tó ti wọlẹ̀ kò padà. Ní Stonehenge, ibi òkúta ńláńlá àtijọ́ kan ní Ìlú Ọba, ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà kí ilé àlejò tuntun tó ṣí ní oṣù Kejìlá 2013. Ó tó kìlómítà méjì ó lé díẹ̀ sí àwọn òkúta náà. Bọ́ọ̀sì ń gbé àlejò débẹ̀, ẹni tó bá wù sì lè fẹsẹ̀ rìn ín. Wọ́n ti títì tó gba etí àwọn òkúta kọjá pa, wọ́n gbin koríko sójú rẹ̀. Àlejò ò torí ìyẹn dẹ́kun wíwá.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ dá iṣẹ́ dúró ná, kí ẹ wá ilẹ̀ sẹ́yìn ààlà, lẹ́bàá títì tó ti wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì tún àwòrán yà. Ẹ lẹ àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀ síta kí gbogbo ènìyàn rí i kó tó di ọjọ́ ìjíròrò. Àwọn àgbà oníṣẹ́ wa á bá ẹnjiníà yín yí ilẹ̀ náà ká, a ò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn tó gbẹ́ kòtò náà sì ṣetán láti wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ní ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá dá.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́