Ẹ má gbàgbé ọ̀gá tó kọ́ Fakeye níṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Gbogbo ayé ló ń yin Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó gbẹ́ ère Odùduwà ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ó dùn mí pé wọn kì í dárúkọ George Bandele, tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì.

Nínú iṣẹ́ ère gbígbẹ́, ọ̀nà lílé ló ṣáájú: àáké la fi ń la orí, ara àti ẹsẹ̀ gbàǹgbà. Alétúnlé ló kàn, níbi tí ojú àti etí ti ń yọ. Lẹ́yìn náà dídán, kí ọ̀bẹ tó wá fín irun àti ilà. Nígbà lílé gan-an ni ọmọṣẹ́ ti ń ba ère jẹ́. Bó bá gé orí kéré, ó parí, igi kò ṣeé fi kún. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ gbàgbé ọ̀gá tó kọ́ni.

Ẹ̀yin ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ kọ orúkọ Bandele sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Fakeye.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan, Ìlá.