Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ kí ọmọ náà fọwọ́ kan igun

Ṣágámù

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ bí o ṣe ń jágbe mọ́ ọmọ lórí fóònù lánàá nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá. O ní ó ti há a sórí pé igun mẹ́rin onígun mẹ́rin, 360 ni àròpọ̀ wọn, síbẹ̀ kò rí i lò. Báwo ni yóò ṣe rí i lò? Ẹnu lo fi kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kàn án.

Wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, kí méjì gùn dọ́gba, kí méjì kúrú dọ́gba. Kàn wọ́n pọ̀, kí àwọn tó dọ́gba kọjú síra, ìṣó kan ṣoṣo ní igun kọ̀ọ̀kan. Má kàn án ní méjì o, kò ní lè yí mọ́. Kí ó wá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi ò gùn sí i, kò sì kúrú, àmọ́ igun méjì á fún, méjì á là. Bí ó bá wọ̀n ọ́n, tí ọ̀kan jẹ́ 70, èyí tó kọjú sí i á jẹ́ 70, méjì yòókù á jẹ́ 110, 110. Òun ni kó rò ó pọ̀, kì í ṣe ìwọ.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, mo ṣe férémù ilẹ̀kùn kan. Òkè òun ìsàlẹ̀ dọ́gba, ọ̀tún òun òsì dọ́gba, ilẹ̀kùn kọ̀, kò pa dé. Ọ̀gá mi ò bú mi. Wọ́n na okùn láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i, wọ́n tún na án láàárín igun méjì yòókù. Ọ̀kan fi ìka méjì gùn ju èkejì lọ: férémù ti wọ́. Ká ní okùn méjèèjì dọ́gba ni, igun kọ̀ọ̀kan ì bá jẹ́ 90.

Okùn kan náà ló gé férémù sí onígun mẹ́ta méjì. Kí ó ya igun mẹ́ta onígun mẹ́ta tó fi páálí gé, kó tò wọ́n síra: ìlà gbọọrọ ni wọn yóò ṣe, 180. Ọ̀nà méjì 180 ńkọ́? Ilẹ̀ tí mo rà lọ́nà Ìkẹ́nẹ́, igun rẹ̀ kan ò jọ ìkejì (iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ onílẹ̀), 360 náà ni.

Ẹ ń bọ̀ wá wo Ọjúde Ọba lẹ́yìn Iléyá, àbí? Kí ó mú okùn dání. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ìyá rẹ ò pa dé mọ́, mo sì fẹ́ kí òun sọ ohun tó ṣe é fún mi.

Bàbá rẹ