Lẹ́yìn ìjì, ẹ má ka ilé tó wó nìkan

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Nígbà tí ìjì líle Idai kọlu Beira ní Mòsáńbíìkì ní oṣù kẹta ọdún 2019, ó ku díẹ̀ kí wọ́n kórè àgbàdo ni omi gbé e lọ. Ẹni tó bá ka ilé tó wó nìkan kò ní rí ebi tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tó ń ṣe ìwádìí ohun tí àwọn ènìyàn nílò lẹ́yìn ìjì, ẹ dé oko, ẹ bèèrè irúgbìn.

Kí oṣù náà tó parí, kọ́lẹ́rà, àìsàn tí omi ẹlẹ́gbin ń tàn kálẹ̀, ti dé. Ó kéré tán, lítà omi 15 fún ẹnì kan lóòjọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún ènìyàn 20: ṣé wọ́n ní i? Ibẹ̀ ni kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi baálẹ̀ nìkan. Kí obìnrin bi àwọn obìnrin léèrè lọ́tọ̀. Ta ni yóò sọ lójú ọkùnrin pé ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ṣeé tì láti inú?